Ẹ yọ "rí" kúrò nínú ìbéèrè yín: bí a ṣe ń bi ẹni tó ń wáṣẹ́ léèrè ẹjọ́ àtijọ́ ní England

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wá gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní gúúsù London. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni, à ń gbá ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíì láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó dé. Ó kọ orúkọ, ó kọ àdírẹ́sì, ó kọ ibi tó ti ṣiṣẹ́, báírò rẹ̀ ń sáré geere. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, báírò dúró. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀, ìbéèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni pé: ṣé wọ́n ti dá ẹ lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kankan rí? Ó fi ọwọ́ òsì bo àpótí náà, bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí ẹnìkejì wo iṣẹ́ òun. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá yí ìwé náà dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà wínníwínní, títí ẹ̀yìn ìwé náà fi kún.

Owó ìtanràn tẹlifíṣọ̀n ni. Kò san owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, kóòtù ní kó san owó ìtanràn, ó sì san án. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo fi ìbéèrè yẹn sínú fọ́ọ̀mù. Inú fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ mìíràn ni mo ti dà á kọ, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìtanràn yẹn ti bọ́ lọ́rùn obìnrin náà tipẹ́tipẹ́ lójú òfin, kò jẹ mí ní àlàyé kankan. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ilé iṣẹ́ ní England tàbí Wales ni mo kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oúnjẹ, ilé ìdirun, ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń pèsè àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn, ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó la ẹnu

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Inú ọ̀rọ̀ yẹn la dàgbà sí. Bí ọmọ wa bá fẹ́ ṣègbéyàwó, a ó rán alárinà lọ ṣèwádìí: ṣé kò sólè nílé wọn, ṣé àrùn burúkú kan ò sí níbẹ̀, ìwádìí náà sì lè dé orí bàbá ńlá. Nígbà tí a bá wá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ọkàn kan náà la fi ń jókòó.

Òfin ilẹ̀ yìí kò rìn bẹ́ẹ̀. Láti 1974 ni òfin kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Rehabilitation of Offenders Act. Ó ní bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi bá ti jẹ ìyà rẹ̀ tán, tí iye ọjọ́ kan sì kọjá tí kò tún dẹ́ṣẹ̀, kí á máa wò ó bí ẹni tí kò dé kóòtù rí. Spent ni wọ́n ń pe irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, n ó máa sọ pé ó ti bọ́ lọ́rùn ẹni. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ni unspent: ó ṣì wà lọ́rùn. Àrán tí onítọ̀hún fi òógùn rẹ̀ rà, àrán ni lójú òfin. Tí ẹ bá bi í nípa èyí tó ti bọ́, tí iṣẹ́ yín kì í sì í ṣe ara àwọn tí òfin yọ sọ́tọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn pé kò sí. Irọ́ kọ́ ló pa. Bí ẹ bá sì wá gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òfin kò kà á sí ìdí láti lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe ń rò lọ. Nínú àbọ̀ ìwádìí tí aṣòfin David Lammy ṣe fún ìjọba ní 2017, èèyàn dúdú jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100 aráàlú, àmọ́ wọ́n jẹ́ 12 nínú 100 àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí, ọmọ ìjọ wa ni, ọmọ àbúrò wa ni. Bí wọ́n bá padà dé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń wáṣẹ́ wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìhà tí iṣẹ́ yín wà

Ìhà kìíní ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń ṣe: gbígbá ọ́fíìsì, sísè oúnjẹ, títa ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, irun dídì, kíkó ẹrù. Fún àwọn yìí, ohun tó ṣì wà lọ́rùn nìkan lẹ lè béèrè. Ìhà kejì ni àwọn iṣẹ́ tí òfin yọ sọ́tọ̀ nínú àṣẹ kan tí wọ́n gbé jáde ní 1975: olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí ara wọn kò le. Níbẹ̀, ẹ lè béèrè èyí tó ti bọ́ pẹ̀lú, àfi èyí tí òfin ti sẹ́ kúrò. Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà ni ilé iṣẹ́ tó ní ìhà méjèèjì. Ẹ ń rán àwọn olùtọ́jú lọ wẹ àgbàlagbà nílé wọn, ẹ sì tún ní ẹnìkan ní ọ́fíìsì tó ń tẹ lẹ́tà, tí kì í bá àwọn àgbàlagbà náà pàdé. Fọ́ọ̀mù kan náà kò gbọdọ̀ wà fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá béèrè ju ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ, ẹ̀yin lẹ rú òfin, kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá ru yín lójú, ìjọba ní ojú ewé kan lórí gov.uk tí ẹ ti lè dáhùn ìbéèrè díẹ̀, á sì sọ irú àyẹ̀wò tó tọ́ sí iṣẹ́ náà fún yín. Ẹ lò ó kí ẹ tó kọ ìpolówó iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́

Ìṣirò tí à ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 28 oṣù Kẹwàá 2023. Ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì kan àwọn ìdájọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹ bá ní ìwé kan nílé tó ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ nù.

Fún ẹni tó ti pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi, owó ìtanràn á bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ní ọdún 1 lẹ́yìn ọjọ́ ìdájọ́. Tí kóòtù bá ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú, ọjọ́ tí àṣẹ náà bá parí ló bọ́. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 1 lọ á bọ́ ní ọdún 1 lẹ́yìn tí gbogbo ọjọ́ ẹ̀wọ̀n náà bá pé. Èyí tó ju ọdún 1 lọ, tí kò sì ju 4, ọdún 4 la ó fi kún un. Èyí tó ju ọdún 4 lọ, ọdún 7, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ti ìwà ipá, ti ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀, tàbí ti ìpániláyà, kì í bọ́ láé. Ẹ̀wọ̀n gbére náà kì í bọ́. Ìkìlọ̀ ọlọ́pàá lásán (simple caution) ti bọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n fi májẹ̀mú sí (conditional caution) kì í kọjá oṣù 3. Fún ọmọ tí kò tíì pé 18, ọjọ́ rẹ̀ kúrú sí i: ìtanràn jẹ́ oṣù 6, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 1 lọ fi oṣù 6 kún un, èyí tó wà láàárín ọdún 1 sí 4 fi ọdún 2 kún un.

Ẹ kíyè sí "gbogbo ọjọ́ ẹ̀wọ̀n" yẹn. Ká ní adájọ́ sọ ọkùnrin kan sẹ́wọ̀n oṣù 8 ní oṣù Kẹta 2021. Ó jáde ní oṣù Keje, torí wọ́n sábà máa ń tú irú wọn sílẹ̀ ní ìlàjì. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ọdún 1 láti oṣù Keje. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá 2021 ni oṣù 8 náà pé, nítorí náà, nínú ìṣirò tuntun yìí, oṣù Kọkànlá 2022 la ó kà pé ó bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ so rọ̀, tí onítọ̀hún kò wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n rárá: iye oṣù tó dá lẹ ó kà, bí ẹni pé ó lọ.

Ohun méjì mìíràn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí kóòtù bá fi àmì sí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ àgbàlagbà, ọdún 5 ni ìyẹn fi ń wà lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtanràn tó bá a rìn kò ju ọdún 1 lọ. Bí ẹnìkan bá sì tún dẹ́ṣẹ̀ kí ọjọ́ ti àkọ́kọ́ tó pé, ti àkọ́kọ́ lè ní láti dúró de èkejì. Ẹ má fi orí ṣírò irú èyí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Unlock ní ẹ̀rọ ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe é fún èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ àpótí kúrò nínú fọ́ọ̀mù

Ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ yìí nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ti yan ẹni tí ẹ fẹ́, tí ẹ ti sọ fún un pé ẹ fẹ́ gbà á, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin kò fi dandan lé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni níhìn-ín, àmọ́ ìpolongo kan ti wà láti 2013 tí wọ́n ń pè ní Ban the Box (ẹ fòfin de àpótí). Business in the Community, ẹgbẹ́ aláàánú àwọn ilé iṣẹ́ kan, ló gbé e dìde ní Britain, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba (Civil Service) náà sì gbà á ní 2016. Èmi gbà á nítorí ohun tí mo fi ojú mi rí. Ẹni tó bá ti rí àpótí yẹn lè gbé báírò sílẹ̀ kó sì lọ, ẹ kò ní mọ irú òṣìṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Yàtọ̀ síyẹn, tó bá jẹ́ pé àpótí yẹn lẹ kọ́kọ́ kà, ojú tí ẹ fi ń ka ìyókù fọ́ọ̀mù á ti yí padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún ìbéèrè náà kọ

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "rí", ló ba ìbéèrè mi jẹ́. "Ṣé wọ́n ti dá ẹ lẹ́bi rí?" kó gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn pọ̀. Bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ever má wọ inú rẹ̀.

Fún iṣẹ́ ìhà kìíní, ohun tí ẹ ó béèrè ni: "Ṣé ẹ ní ìdálẹ́bi kankan, tàbí ìkìlọ̀ ọlọ́pàá onímájẹ̀mú, tí kò tíì bọ́ lọ́rùn yín lábẹ́ Rehabilitation of Offenders Act 1974?" Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rí i pé unspent wà níbẹ̀.

Fún ìhà kejì: "Ṣé ẹ ní ìdálẹ́bi tàbí ìkìlọ̀ kankan, yálà ó ti bọ́ tàbí kò tíì bọ́, tí òfin kò tíì sẹ́ kúrò?" Bí a ṣe ń sẹ́ ògì ni òfin ṣe ń ṣe é: ó ní ohun tó ń gba inú ajọ̀ kọjá, tí kò ní hàn mọ́ kódà fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá sí nínú àwọn ńláńlá tí òfin kà sílẹ̀, tí kò sì mú ẹ̀wọ̀n dání, ìdálẹ́bi àgbàlagbà ń kọjá lẹ́yìn ọdún 11, ti ọmọdé lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, ìkìlọ̀ àgbàlagbà lẹ́yìn ọdún 6. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹnìkan nígbà tó wà lọ́mọdé kì í fara hàn fúnra rẹ̀ mọ́ rárá láti oṣù Kọkànlá 2020.

Ẹ má béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú un. Mímú kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ọlọ́pàá ti dá dúró lójú títì, tí wọ́n gbé lọ sí àgọ́, tí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Lábẹ́ ìbéèrè náà, ẹ kọ gbólóhùn méjì: ìdí tí ẹ fi ń béèrè, àti pé ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì rí i dájú pé òótọ́ lẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ pè é jókòó, ẹ̀yin méjì péré, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọmọkùnrin kan ti jókòó síwájú mi báyìí rí, bàgì rẹ̀ lórí orúnkún, ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ tètè dìde. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n sọ gbogbo ẹ̀?" Mo ní kó sọ ohun tó bá rọrùn fún un, mo sì panu mọ́. Ìyẹn ló ṣòro jù fún àwa tí a dàgbà: ẹnu wa á ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn. Fóònù tí wọ́n jí ló gbà pa mọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n fún un, ó so ó rọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì ku oṣù díẹ̀ kó pé.

Ohun tí mo wò nìwọ̀nyí: kí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, ọmọ ọdún mélòó ló jẹ́, ó ti tó ìgbà wo, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ó tún ṣe é, kí ló ti ṣe láti ìgbà náà, àti pàtàkì jù lọ, kí ló pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún un? Ọ́fíìsì tí a ń gbá kún fún fóònù àti kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, n kò lè sọ pé kò kan iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kò fi dandan jẹ́ "lọ sílé". Mo fi í sáàárín àwọn mẹ́rin tó ní ọ̀gá lórí, n kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbá lálẹ́. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un kedere. Ó ní òun gbà. Òun ló wá ń dé ṣáájú gbogbo wọn láàárọ̀.

Bí ẹ bá sì pinnu pé ẹ kò lè gbà á, ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa retí ìpè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé DBS

DBS (Disclosure and Barring Service) ni àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tó ń fi ìdálẹ́bi èèyàn hàn. Èyí tó kéré jù, Basic, ohun tó ṣì wà lọ́rùn nìkan ló ń fi hàn. Ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 16 lè bẹ̀bẹ̀ fún un fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kejìlá 2024, £21.50 ni. Enhanced, èyí tó jinlẹ̀ jù, tí àwọn olùtọ́jú ń gbà, jẹ́ £49.50, ẹ kò sì lè béèrè fún un lọ́wọ́ DBS tààrà bí ilé iṣẹ́ yín bá kéré. Ẹ máa gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Tí agbára yín bá ká a, ẹ san owó náà.

Ọwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ni ìwé Enhanced ń dé sí nípasẹ̀ pósítì, òun ni yóò mú un wá hàn yín. Bí ohun tí ó kò sọ bá wà níbẹ̀, ẹ pè é, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́ padà. Ó lè jẹ́ pé ó ṣi ọjọ́ kà. Ibì kan ṣoṣo ni kò sí ìjókòó sọ̀rọ̀ kankan: bí ìwé náà bá sọ pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fòfin dè láti bá ọmọdé tàbí àgbàlagbà ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ tí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún un, ẹ̀yin náà ti dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ má rán an lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé kó lọ gba àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wá fún yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ Data Protection Act 2018. Ẹ má sì pe pásítọ̀ rẹ̀ tàbí ará ìlú rẹ̀ lẹ́yìn láti ṣèwádìí.

Ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ rántí pé DBS kì í sábà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Ìwé tó mọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ọdún tó lò ní Ìbàdàn. Fún iṣẹ́ ìtọ́jú tàbí ti olùkọ́, ẹ lè béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ń fúnni. Ẹni tó gba físà òṣìṣẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti ní láti mú un wá láti gbogbo ibi tó ti gbé fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 10, nítorí náà ẹ bi í kí ẹ tó ní kó lọ náwó sí òmíràn. Fún iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì, n kì í béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ibi tí ìwé ń sùn

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí ìwé náà, irú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí ẹ pinnu. Ó tó. Ìlànà DBS ni pé kí ohun tó wà nínú ìwé wọn má pẹ́ lọ́wọ́ yín ju oṣù 6 lọ, kí ó sì wà níbi tó ní kọ́kọ́rọ́, tí ẹni tí kò kàn kò ní rí i. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún ẹni tí kò kàn ti rú òfin. Kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Obìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ gba iṣẹ́ náà. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí n tó tún ọ́fíìsì ṣe, ni mo bá rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ lójú òkè, ibi tó ti kọ ọ́ pé òun kábàámọ̀ gidigidi. Ẹnikẹ́ni tó bá wá mú sitépúlà níbẹ̀ á ti kà á. Mo pè é wọlé, mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á díẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ló ti í bọ inú ẹ̀rọ tó ń fa ìwé ya.